Ẹ̀yin Òbí, Ẹ Má Fi Orúkọ Ìlú Yan Ibùgbé fún Ọmọ Yín

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú làálàá. Ọmọ Ìṣẹ́yìn ni mí, nọ́ọ̀sì ni mí, Hull ni mo ń gbé, ní apá àríwá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, létí odò Humber tó ń lọ bọ́ sínú òkun. Àbúrò mi tó wà ní Ìbàdàn ló máa ń ya fọ́tò ojú ewé ìwé ìròyìn yín, tí á sì fi í ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, lẹ́tà ìyá kan láti Ògbómọ̀ṣọ́ ló fi ránṣẹ́. Ìyá náà ní ọmọ òun obìnrin, tó jẹ́ nọ́ọ̀sì, ti yege gbogbo ìdánwò tó yẹ kó ṣe nílé, ọsibítù méjì ló sì fẹ́ gbà á: ọ̀kan ní Lọ́ńdọ̀nù, èkejì ní ìlú kan lókè àríwá tí òun ò gbọ́ orúkọ rẹ̀ rí. Ó ní kí ẹni tó bá mọ̀ gba òun nímọ̀ràn.

Mo ka ìdáhùn mẹ́rin tí ẹ tẹ̀ jáde. Mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló ní kí ọmọ náà máa lọ sí Lọ́ńdọ̀nù. Wọ́n ní àbúrò bàbá rẹ̀ wà níbẹ̀, Yorùbá pọ̀ níbẹ̀ lọ súà, ṣọ́ọ̀ṣì wà níbẹ̀, ẹni tó bá ní ará níwájú kì í ṣìnà.

Ọkàn mi ò balẹ̀ títí ilẹ̀ fi mọ́, torí ọ̀rọ̀ yìí gan-an ni wọ́n fi rán èmi lọ ní 2019. Mi ò sọ pé àwọn tó dá ìyá náà lóhùn ò nífẹ̀ẹ́ ọmọ rẹ̀. Ṣùgbọ́n orúkọ ìlú ni wọ́n ń yàn fún un. Àárín ilé, ibi iṣẹ́ àti ilé ìwé ọmọ ni ènìyàn ń gbé. Kò sí ẹni tó ń gbé inú orúkọ.

Ìsọ̀ òfì ni ìyá mi ní ní Ìṣẹ́yìn. Ọsibítù méjì ló fọ̀rọ̀ wá èmi náà lẹ́nu wò lórí kọ̀ǹpútà nígbà yẹn, ọ̀kan ní gúúsù ìlà oòrùn Lọ́ńdọ̀nù, ọ̀kan ní Hull. Mo dárúkọ Hull fún màmá mi. Wọ́n dákẹ́ díẹ̀, wọ́n wá ní, "Ṣé wọ́n ń dárúkọ ibẹ̀ nínú rédíò?" Wọ́n ní kí n rántí pé ẹ̀gbọ́n mi obìnrin wà ní Abbey Wood, ní Lọ́ńdọ̀nù. Kí n tó délé lọ́jọ́ tí físà mi jáde, gbogbo àwọn aláṣọ òfì àdúgbò ti gbọ́ pé ọmọ Màmá ń lọ sí Lọ́ńdọ̀nù. Bí mo ṣe fọwọ́ sí ìwé ti Lọ́ńdọ̀nù nìyẹn. Mi ò béèrè ohunkóhun lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.

Mi ò ní parọ́ mọ́ Lọ́ńdọ̀nù. Ẹni tó bá sọ̀kalẹ̀ ní Peckham, tó rìn gba Rye Lane kọjá, á gbọ́ Yorùbá lẹ́nu ẹni tó ń ta panla àti lẹ́nu ẹni tó ń dirun. Láti Woolwich dé Thamesmead àti Abbey Wood, ẹ ò ní wá ṣọ́ọ̀ṣì tí wọ́n ti ń fi Yorùbá kọrin tì. Bọ́ọ̀sì ń rìn tọ̀sán-tòru ní ọ̀pọ̀ ojú ọ̀nà, ẹni tó bá ti ṣe iṣẹ́ òru rí mọ iyì ìyẹn. Wọ́n sì máa ń fi nǹkan lé owó oṣù nọ́ọ̀sì ibẹ̀ nítorí ọ̀wọ́n ìlú: 20 nínú 100 fún àwọn tó wà láàárín gbùngbùn, 15 nínú 100 fún àwọn tó wà lẹ́yìn wọn, pẹ̀lú iye tí kò gbọdọ̀ kọjá.

Èlé yẹn ló ń fa ojú àwọn ará ilé mọ́ra. Ní ọsibítù ìjọba, ìwọ̀n owó oṣù nọ́ọ̀sì kò yàtọ̀ láti ìlú kan sí òmíràn. Ẹni tó bẹ̀rẹ̀ ní ipele karùn-ún, níbi tí púpọ̀ nínú wa ti ń bẹ̀rẹ̀, gba 31,049 pọ́ùn lọ́dún nínú ìwọ̀n ti 2025, ì báà jẹ́ Hull, ì báà jẹ́ Leeds. Lọ́ńdọ̀nù àti àyíká rẹ̀ ni wọ́n ń fi nǹkan lé. Òbí á wò ó, á ní ibi tí owó pọ̀ sí ni kí ọmọ òun lọ. Ṣùgbọ́n onílé Lọ́ńdọ̀nù náà mọ̀ nípa èlé yẹn.

Ní 2021, ọkọ mi àti àwọn ọmọ wa méjèèjì dé. A gba ilé oníyàrá méjì, 1,450 pọ́ùn lóṣù. Bí wọ́n bá ti yọ owó orí àti owó ìfẹ̀yìntì, ohun tó ń bọ́ sí mi lọ́wọ́ kò pé 2,000. Ọkọ mi, tó jẹ́ olùkọ́ ìṣirò nílé, ń kó ẹrù ní ilé ìkẹ́rùsí kan lóru. Bí mo bá ń wọlé ló ń jáde. Ẹnu ọ̀nà la ti ń gba àwọn ọmọ lọ́wọ́ ara wa. Nítorí pé àárín ọdún ni wọ́n dé, káńsù ò rí àyè fún àwọn méjèèjì ní ilé ìwé kan náà, ọmọkùnrin wa wà níbì kan, àbúrò rẹ̀ obìnrin wà níbòmíràn, bọ́ọ̀sì kan ló sì wà láàárín ilé ìwé méjèèjì.

Ọjọ́ kan wà nínú oṣù Kọkànlá ọdún yẹn. Aago mẹ́ta kọjá ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni ilé ìwé ọmọbìnrin wa ń parí, aago méje ààbọ̀ alẹ́ ni iṣẹ́ mi ń parí. Ọkọ mi ló yẹ kó lọ mú un, ṣùgbọ́n jàǹbá ọkọ̀ ṣẹlẹ̀ lójú títì, bọ́ọ̀sì tó wọ̀ ò lè lọ síwájú, kò sì lè padà. Mo pe ẹ̀gbọ́n mi. Wọ́n wà lẹ́nu iṣẹ́ tiwọn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin tí ẹ ń sọ pé àbúrò bàbá ọmọ náà wà ní Lọ́ńdọ̀nù, ẹ gbọ́ èyí dáadáa: ará yín tó wà níbẹ̀ náà ń ṣiṣẹ́ wákàtí méjìlá lójúmọ́ kó tó lè sanwó ilé tirẹ̀. Ìfẹ́ wà lọ́kàn rẹ̀, àyè ni kò sí. Láti ilé ẹ̀gbọ́n mi dé ilé tiwa, ó ju wákàtí kan lọ nínú ìlú kan náà.

Nígbà tí ọkọ mi fi máa dé ilé ìwé náà, aago márùn-ún ku díẹ̀. Ọmọ ọdún mẹ́fà ni ọmọ wa. Ó jókòó sórí àga kan nínú ọ́fíìsì wọn, kóòtù rẹ̀ wà lọ́rùn rẹ̀, ó ti de gbogbo bọ́tìnì rẹ̀ dé abẹ́ àgbọ̀n, báàgì rẹ̀ wà lórí itan. Bó ṣe wà láti aago mẹ́ta nìyẹn. Wọ́n ní kó bọ́ kóòtù, ooru wà nínú ilé, ó ní rárá, pé màmá òun ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dé. Ọkọ mi ló sọ èyí fún mi lórí fóònù. Mo wọ yàrá tí a ń kó oògùn sí, mo ti ilẹ̀kùn, mo sunkún.

Ọjọ́ yẹn ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í bi ara mi pé kí ni mò ń ṣe níbí.

Ohun tí ọ̀pọ̀ òbí nílé ò mọ̀ ni pé ènìyàn kì í kàn kó ẹrù kúrò ní ìlú tó kọ́kọ́ yàn. Ọsibítù tó gbà wá ni físà wa so mọ́. Bí o bá fẹ́ lọ ṣiṣẹ́ ní ìlú mìíràn, àfi kí ọsibítù ìlú yẹn gbà láti dúró fún ọ, kí o tún béèrè físà lákọ̀tun. Nínú ìwé àdéhùn mi, ó wà níbẹ̀ pé bí mo bá lọ kí ọdún mẹ́ta tó pé, màá dá lára owó tí wọ́n ná láti gbé mi wá padà. Mo sì dá a padà, díẹ̀díẹ̀, oṣù mẹ́wàá gbáko. Nítorí náà, ìbéèrè tí Màmá Ògbómọ̀ṣọ́ béèrè yìí wúwo ju bí àwọn tó dá wọn lóhùn ṣe gbé e lọ. Ìlú àkọ́kọ́ lè di ìlú ọdún mẹ́ta.

Ọ̀rẹ́ mi kan tí a jọ ṣe ìdánwò ìkẹyìn tí wọ́n ń fún nọ́ọ̀sì tó bá ti òkèèrè dé wà ní Hull. Ó ti ń pè mí pé kí n wá wò ó, mo ń sọ pé màá wá. Nínú oṣù Kejì 2022, mo gba ìsinmi ọjọ́ mẹ́ta, mo wọ rélùwéè ní King's Cross. Kò pé wákàtí mẹ́ta tí mo fi sọ̀kalẹ̀. Ibi tí rélùwéè dúró sí, abẹ́ òrùlé kan náà ni gareji bọ́ọ̀sì wà. Mo kọ́kọ́ kíyè sí ìyẹn. Atẹ́gùn tó ń ti òkun bọ̀ mú mi dé inú egungun, mi ò ní fi bò. Ṣùgbọ́n ìlú náà tẹ́jú pẹrẹsẹ, kò sí òkè kankan tí ènìyàn ń gùn.

Ọ̀rẹ́ mi fẹ́ mú mi lọ wo ilé ìtajà àti etí odò. Mo ní rárá. Lọ́jọ́ Àìkú, mo jí ní aago márùn-ún àárọ̀. Mo lọ dúró níwájú ilé kan tí wọ́n lẹ ìwé mọ́ pé àwọn ń wá ayálégbé, mo wo aago ọwọ́ mi, mo bẹ̀rẹ̀ sí í rìn lọ sí ọsibítù. Ìṣẹ́jú 22. Mo padà sí ẹnu ilé náà, mo rìn lọ sí ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tó sún mọ́ ọn jù lọ. Ìṣẹ́jú 9. Láti ilé ìwé dé ibi tí mo ti lè ra mílíìkì àti búrẹ́dì, ìṣẹ́jú 4. Mo kọ nọ́ńbà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sẹ́yìn tíkẹ́ẹ̀tì rélùwéè mi. Tíkẹ́ẹ̀tì náà wà nínú Bíbélì mi títí dòní.

Ìdí tí mo fi yan àárọ̀ ọjọ́ Àìkú nìyí. Ọjọ́ Ajé sí ọjọ́ Ẹtì, kò sí ìlú tí bọ́ọ̀sì rẹ̀ kì í dára lójú. Ọjọ́ Àìkú ni ìlú kékeré máa ń sùn pẹ́, aláìsàn ò sì mọ ọjọ́ Àìkú. Iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ń bẹ̀rẹ̀ ní aago méje. Iṣẹ́ àwọn tó ń tọ́jú arúgbó láti ilé dé ilé tilẹ̀ le jù bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí láìsí mọ́tò, ọ̀pọ̀ ibẹ̀ ni wọn ò ní gbà ọ́.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti obìnrin kan tí a jọ ń ṣiṣẹ́, ọmọ Ìjẹ̀bú. Ó rí ilé kan lórí íntánẹ́ẹ̀tì ní Withernsea, ìlú kékeré kan létí òkun, bíi máìlì 18 sí Hull. Ilé náà kọjú sí omi, ó mọ́, owó rẹ̀ kò wọ́n rárá. Ó fi fọ́tò rẹ̀ ránṣẹ́ sílé, ìdílé rẹ̀ dúpẹ́. Ọjọ́ Àìkú àkọ́kọ́ tí orúkọ rẹ̀ jáde fún iṣẹ́ àárọ̀ ló tó mọ̀ pé bọ́ọ̀sì àkọ́kọ́ kò lè gbé òun dé kí aago méje tó lù. Rélùwéè ìlú yẹn ti kú láti 1964. Takisí gba 45 pọ́ùn ní àlọ nìkan. Kò wa ọkọ̀ rí láyé rẹ̀. Ẹni tó bá tilẹ̀ ní ìwé ìwakọ̀ Nàìjíríà, oṣù 12 péré ni wọ́n fún un láti fi wakọ̀ níbí kó tó di dandan kó ṣe ìdánwò tiwọn, ti orí kọ̀ǹpútà àti ti ojú títì. Oṣù méje ló lò ní ilé tó kọjú sí omi yẹn. Nígbà tó fi máa kúrò, owó takisí ti jẹ gbogbo ohun tó rò pé òun ń rí jèrè lórí owó ilé. (Òkun tilẹ̀ ń jẹ ilẹ̀ etíkun yẹn ní bíi mítà méjì lọ́dún ní àwọn ibì kan. Ìgbà tí mo kọ́kọ́ rí i, Ayétòrò ní ilẹ̀ Ìlàjẹ ló wá sí mi lọ́kàn, ó sì dùn mí.)

A kó dé Hull nínú oṣù Kẹjọ 2022. Ilé oníyàrá mẹ́ta, 600 pọ́ùn lóṣù. Owó káńsù wa, ìyẹn owó tí ilé kọ̀ọ̀kan ń san fún ìjọba ìbílẹ̀, wà ní ìsọ̀rí A, èyí tó kéré jù lọ nínú ìsọ̀rí mẹ́jọ tí wọ́n pín ilé sí. Owó tó ń bọ́ sí mi lọ́wọ́ fi bíi 200 dín sí ti Lọ́ńdọ̀nù, owó ilé fi 850 dín. Ọkọ mi fi iṣẹ́ òru sílẹ̀, ó padà sí ilé ẹ̀kọ́, ó ti ń kọ́ àwọn ọmọ níṣirò báyìí. Àwọn ọmọ wa wà ní ilé ìwé kan náà. Mo mọ̀ pé ẹlòmíràn á lọ sí Hull kan náà, kò sì ní bá a lára mu. Ìṣirò wa ló bá wa mu.

Màmá òyìnbó kan ń gbé lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé wa. Ọ̀nà tóóró kan wà lẹ́yìn ilé gbogbo wa, tenfoot ni àwọn ará Hull ń pè é, ibẹ̀ ni wọ́n ti máa ń bá mi sọ̀rọ̀. Ọ̀sẹ̀ tí a dé, mo da gbogbo ìdọ̀tí sínú agolo kan. Wọ́n jáde nínú atẹ́gùn pẹ̀lú bàtà ilé lẹ́sẹ̀, wọ́n fi hàn mí lọ́kọ̀ọ̀kan: aláwọ̀ búlúù fún bébà àti ike, aláwọ̀ búráùn fún koríko àti oúnjẹ tó ṣẹ́kù, dúdú fún ìyókù. Wọ́n wá kọ ọjọ́ tí wọ́n ń kó kálukú sí bébà, wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́ ilẹ̀kùn fíríìjì wa fúnra wọn. Bébà náà ṣì wà níbẹ̀. Bí mo bá pẹ́ níbi iṣẹ́ báyìí, ọ̀dọ̀ wọn ni àwọn ọmọ mi ń lọ. Ta ló lè mọ̀ pé ibi tí mi ò ti ní ará kankan ni màá ti rí ẹni tí yóò ṣí ilẹ̀kùn fún ọmọ mi ní aago mẹ́ta ààbọ̀?

Hull ní àléébù tirẹ̀. Nínú oṣù Kejìlá, oòrùn ti ń wọ̀ ní nǹkan bí aago mẹ́rin ku ogún ìṣẹ́jú, ẹni tó bá ṣe iṣẹ́ òru lè má rí ìmọ́lẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́rin léra. Ẹ̀wù ọ̀tútù tí kò jẹ́ kí atẹ́gùn wọlé ni kí ènìyàn fi owó oṣù àkọ́kọ́ rà, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni di aṣọ òtútù láti Òkè-Àrín bọ̀. Èlùbọ́ àti panla wà ní ojú ọ̀nà Spring Bank, láàárín ṣọ́ọ̀bù àwọn ará Poland àti ti àwọn Kurd, ṣùgbọ́n ewédú tútù kì í wà nígbà gbogbo. Ó pẹ́ kí n tó rí ẹni tó mọ irun ọmọ mi dì. Ọmọ mi obìnrin nìkan ni dúdú ní kíláàsì rẹ̀ lọ́dún àkọ́kọ́. Ó délé lọ́jọ́ kan, ó ní kí n na irun òun kó dà bíi tàwọn yòókù. Mo lọ bá olùkọ́ rẹ̀, a jókòó, a sọ ọ́. Olùkọ́ náà gbọ́ mi, inú mi dùn sí bó ṣe ṣe é, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà dun ọmọ, ó sì dun ìyá.

Mi ò sì lè kọ lẹ́tà yìí kí n fo ọjọ́ kẹta oṣù Kẹjọ 2024. Ọjọ́ Àbámẹ́ta ni. Rògbòdìyàn tí wọ́n fi dojú kọ àwọn àjèjì, tó bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn ikú àwọn ọmọbìnrin kéékèèké mẹ́ta ní ìlú Southport, dé Hull lọ́jọ́ yẹn. Wọ́n kọlu òtẹ́ẹ̀lì tí àwọn tó ń wá ibi ìsádi ń gbé, wọ́n fọ́ ṣọ́ọ̀bù láàárín ìlú, wọ́n dáná sun òmíràn. Mo wà lẹ́nu iṣẹ́. Ọkọ mi ti àwọn ọmọ mọ́lé, ó fa kọ́tìnnì. Nígbà tó di aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́, màmá ẹ̀gbẹ́ ilé wá kan ilẹ̀kùn ẹ̀yìn, wọ́n ní àwọn fẹ́ jókòó tì wọ́n. Wọ́n jókòó sí pálọ̀ wa títí mo fi dé, àpò òwú tí wọ́n fi ń hunṣọ wà lẹ́sẹ̀ wọn. Lọ́jọ́ kejì, mo kọjá láàárín ìlú, mo rí àwọn ènìyàn tí wọ́n mú ìgbálẹ̀ wá láti ilé wọn, wọ́n ń gbá àfọ́kù dígí. Mo ń sọ méjèèjì nítorí pé méjèèjì ni mo fojú rí. Òbí tó bá ń yan ìlú fún ọmọ gbọ́dọ̀ mọ̀ pé nǹkan báyìí lè ṣẹlẹ̀, Lọ́ńdọ̀nù pàápàá ò yọ sílẹ̀, kí ó sì béèrè pé ta ni yóò jókòó ti ọmọ òun lọ́jọ́ náà.

Ọ̀rọ̀ orúkọ ìlú yìí ò tíì tán láàárín èmi àti màmá mi. Ọdún kan gbáko lẹ́yìn tí a kó dé Hull, Lọ́ńdọ̀nù ni wọ́n ṣì ń sọ fún àwọn ènìyàn ní ìsọ̀. Ó ń dùn mí, mi ò sì lè sọ ọ́. Ìgbà tó yá, ilé ìwé àwọn ọmọ mi kó wọn lọ wo ilé kan nínú ìlú àtijọ́ Hull, ilé tí wọ́n bí William Wilberforce sí ní 1759. Òun ló wà níwájú ìjà tí wọ́n jà nílé aṣòfin wọn tí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fi fòfin de òwò ẹrú ní 1807, tí ọkọ̀ ogun wọn fi wá ń lé àwọn ọkọ̀ olówò ẹrú kiri lójú òkun. Ọmọkùnrin mi délé, ó ń ròyìn. Mo wá rántí Àjàyí. Òṣoògùn ni wọ́n ti kó Àjàyí Crowther lẹ́rú ní 1821, kò jìnnà sí Ìṣẹ́yìn, kódà Ìṣẹ́yìn ni wọ́n kọ́kọ́ kó wọn gbà, òun fúnra rẹ̀ kọ ọ́ sílẹ̀. Ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì ló gbà á sílẹ̀ lójú omi ní 1822, tó fi dé Freetown ní Sierra Leone, tó fi di Bíṣọ́ọ̀bù, tó fi túmọ̀ Bíbélì fún wa. Freetown náà sì ni Hull bá dá májẹ̀mú ìlú ìbejì, ìyẹn ìlú méjì tó ń bá ara wọn ṣọ̀rẹ́.

Mo pe màmá mi lálẹ́ ọjọ́ náà. Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún wọn láti ìbẹ̀rẹ̀. Wọ́n gbọ́, wọ́n dákẹ́ pẹ́. Wọ́n ní, "Àjàyí tiwa yìí?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, Màmá. Wọ́n ní, "O ò ti sọ fún mi látijọ́." Àwọn tó ń wá ra òfì lọ́wọ́ wọn báyìí, Hull ni wọ́n ń gbọ́.

Màmá Ògbómọ̀ṣọ́, ẹ̀yin ni mo wá kọjú sí. Mi ò ní kí ọmọ yín má lọ sí Lọ́ńdọ̀nù. Ó lè jẹ́ pé ibẹ̀ ló yẹ ẹ́, bí kò bá tíì lọ́kọ, tí ọsibítù sì fún un ní yàrá tí owó rẹ̀ kò ga. Ṣùgbọ́n kó kọ̀wé sí ọsibítù méjèèjì kó tó fọwọ́ sí nǹkan kan. Kó béèrè pé ilé wo gan-an ni òun yóò ti máa ṣiṣẹ́, nítorí ọsibítù kan lè ní ibi iṣẹ́ méjì tó jìnnà síra. Níbí, ọ̀kan wà láàárín ìlú, èkejì wà ní Cottingham lẹ́yìn ìlú, abẹ́ ọ̀gá kan náà sì ni. Kó béèrè pé ọ̀sẹ̀ mélòó ni wọ́n ó fi fún òun ní ibi tí òun yóò dé sí, kí wọ́n sì kọ iye tí òun yóò dá padà bí òun bá kúrò kí àkókò tó pé. Kó wá ṣí Google Maps, kó fi ọjọ́ Àìkú, aago mẹ́fà àárọ̀, wo bí òun yóò ṣe dé ibi iṣẹ́ láti àdúgbò tí owó ilé kò ti pa òun.

Kó má sì fi owó ilé ránṣẹ́ sí ẹnikẹ́ni láti Nàìjíríà kó tó rí ilé, kódà bó bá jẹ́ pé inú ṣọ́ọ̀ṣì ni wọ́n ti rí onítọ̀hún. Òfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láti 2019 ni pé owó tí ẹ́jẹ́ǹtì máa fi di ilé mú fún ènìyàn kò gbọdọ̀ ju ti ọ̀sẹ̀ kan lọ, èyí tí onílé ń gbà pamọ́ kò sì gbọdọ̀ ju ti ọ̀sẹ̀ márùn-ún lọ fún irú ilé tí àwa ń gbé. Ẹni tó bá ń béèrè jù bẹ́ẹ̀ lọ, kó sá fún un.

Bí ó bá jẹ́ pé Hull ni ìlú tí ẹ ò gbọ́ orúkọ rẹ̀ rí yẹn, mo ti fi nọ́ńbà mi sílẹ̀ lọ́dọ̀ Olóòtú, ẹ gbà á lọ́wọ́ wọn. Kí ọmọ yín fi orúkọ àdúgbò tó ń wò ránṣẹ́ sí mi. Mi ò ní iṣẹ́ lọ́jọ́ Àìkú kejì oṣù tó ń bọ̀. Màá lọ dúró síbẹ̀ ní aago márùn-ún ààbọ̀ àárọ̀, màá wo bí ọ̀nà náà ṣe rí nínú òkùnkùn, màá rìn ín dé ẹnu ọ̀nà ọsibítù, màá sì ya fídíò rẹ̀ ránṣẹ́ sí i láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin.

Ọmọ Ìṣẹ́yìn, nọ́ọ̀sì ní Hull,
Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì.